Omi Tí A Lè Wẹ̀, Omi Tí A Ó Kàn Kí



Láti ìgbà tí a ti kéde nílé ìpàdé pé a fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ wa gun òkè Adó-Àwáyè, ká sì ti ibẹ̀ lọ rìn dé etí odò Ògùn kí wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi mọ́. Àwọn kan ní òyìnbó ló ń rìn láìní ibi tó ń lọ. Àwọn kan ní kí n ṣọ́ra, pé ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó lọ sí etí omi. Ìyá kan tí gbogbo ilé wọn ń bọ Yemọja láti ìran dé ìran wá bá mi nílé lálẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ kú alẹ́. Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé inú omi òrìṣà wa lẹ fẹ́ kí ọmọ mi lọ máa ta ẹsẹ̀ sí, bí ẹni tó wà nínú omi òtẹ́ẹ̀lì?"

Mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè gidi ni. Èmi náà bi í pé, "Ìyá, ọmọkùnrin yín tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn, tó bá já sómi lónìí, ṣé yóò jáde?" Ó dákẹ́. Ó ní rárá, kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ mú un lọ nìyẹn.

Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ohun tí ojú wa rí nígbà tí a lọ, ni mo kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó.

Àwa tí à ń gbé Òkè-Ògùn, orúkọ odò là ń jẹ́. Kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n dáadáa: Ògùn ni odò, ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ògún ni òrìṣà irin, baba ọdẹ. (Mo ti rí ìwé ìpè ọdún kan tó da méjèèjì pọ̀. Inú mi ò dùn sí i rárá.) Ní àárín àwọn òkè tó wà nítòsí Ṣakí ni odò yìí ti ń sun. Ó ṣàn gba ilẹ̀ wa, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn, ó wọ Abẹ́òkúta, ó sì lọ já sínú ọ̀sà l'Ékòó. Omi tí ọmọ Ṣakí bá fi ẹsẹ̀ bọ̀ lónìí, ará Èkó ló ń lọ kí.

Àwọn àgbà Yemọja ní ìtàn kan lórí rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ Ṣakí mọ̀. Wọ́n ní Yemọja fẹ́ Ọ̀kẹ̀rẹ̀, ọba Ṣakí. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá ọkọ rẹ̀ ṣe: kò gbọ́dọ̀ fi ọyàn òun ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Ọjọ́ tí ẹmu wọ ọba lára ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Yemọja bínú, ó sá. Ó mú ìkòkò kan dání tí Olókun fi fún un, pé ọjọ́ ìpọ́njú ló máa wúlò. Níbi tó ti ń sá, ó ṣubú, ìkòkò fọ́, omi tú jáde, ó di odò tó kọjú sí òkun. Ọ̀kẹ̀rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di òkè láti dínà mọ́ ọn. Omi yà sọ́tùn-ún, òkè yà sọ́tùn-ún. Omi yà sósì, òkè yà sósì. Yemọja bá ké pe Ṣàngó ọmọ rẹ̀. Ṣàngó sán àrá, òkè là sí méjì, omi gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ẹni tó bá ti dúró sétí odò Ògùn rí, níbi tó ti ń fún ara rẹ̀ kọjá láàrin àpáta, tó gbọ́ bó ti ń hó, yóò mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yẹn ti rí odò náà dáadáa. Ọmọ tó jẹ́ pé orí àga ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ìdajì rẹ̀ ló gbọ́.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé orúkọ Yemọja dání. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé, ní ìlú Salvador, ogunlọ́gọ̀ èèyàn aláṣọ funfun máa ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ sí etí òkun fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọ inú omi lọ. Wọn ò rí odò Ògùn rí láyé wọn. Àwa tó wà lẹ́yìnkùlé wa, àwọn ọmọ wa ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá yẹn ní, "Ẹ̀n, Baba, ṣùgbọ́n omi òrìṣà ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Níbo ni àwọn ìyá wa ti ń pọnmi nígbà náà? Níbo ni wọ́n ti ń fọṣọ, tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ? Odò kan náà ni. Ojúbọ ní ààlà. Àwọn tó ni ín mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Lókè ojúbọ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ọmọ aráyé ni, bí a bá ti kí ẹni tó ni ín ká tó wọlé. Omi míì sì wà tó jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ni ojúbọ. Ìyẹn la ó kàn kí. Ẹni tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ ló yẹ kó máa mú ọmọ lọ sódò. Tí àwa àgbà bá ní "ẹ má débẹ̀" sí gbogbo omi pátá, àwọn ọmọ á yọ́ lọ láìsí wa, wọn ò sì ní mọ èwo ni èwo.

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó kọ́ wa ní odò wíwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹni á wà nínú omi, àbúrò á tẹ̀ lé e, bó ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tí kànga ẹ̀rọ dé, tí ọ̀kadà sì dé, ẹsẹ̀ dá lọ́nà odò. Mi ò ní a kó padà sí pípọn omi odò o. Kànga ẹ̀rọ ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ sòbìà. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún wà nílé wa lónìí tí omi ò tíì kọjá orúnkún rẹ̀ rí, àfi nínú báàfù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, àwọn tó kú sómi káàkiri ayé tó 300,000, àti pé ó ju ìdajì wọn lọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ wa wà nínú irú wọn.

A mú ọjọ́ kan nínú oṣù Bélú, nígbà tí òjò ti dá, tí omi ti ń fà, tí ọyẹ́ ò sì tíì mú. Àwa mẹ́tàlélógún la lọ: ọ̀dọ́ mẹ́rìndínlógún, òbí mẹ́ta, ọdẹ méjì tó mọ ilẹ̀, ìyá olórìṣà Yemọja kan tó ti Ṣakí wá, àti èmi. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, a ti ránṣẹ́ sí baálẹ̀ tó ni ọ̀nà oko tí a ó gbà, a sì ti fi tó àwọn Àmọ̀tẹ́kùn létí. Lóde òní, ẹni tó bá wọ igbó Òkè-Ògùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe akin.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la wà nídìí òkè Adó. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe síbẹ̀ jẹ́ 369. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tó fi máa di igba, ohùn ti lọ sílẹ̀, àwọn tó ń sáré ṣáájú ti jókòó. Èmi ń fi ọ̀pá mi gùn ún díẹ̀díẹ̀, mo sì ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Adùn tó wà níbẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ tán.

Lórí òkè náà ni àwọn ará Adó gbé rí, nígbà ogun. Wọ́n ní orúkọ ìlú náà ti inú "a wá, a yè" jáde. Ẹ ó rí Ìṣàgé, òkúta ràgàjì kan tó dúró lórí àpáta bí ẹni pé wọ́n gbé e kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Orúkọ yẹn ti tó, mi ò ní ṣàlàyé. Ọmọ Adó tó ń tọ́ wa sọ́nà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà fọ́tò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la dé Ìyàkẹ́, adágún tó wà lórí àpáta. Òjò ti dá, síbẹ̀ omi wà níbẹ̀ pẹrẹsẹ, aláwọ̀ ewé, kò rú, kò ṣàn. Àwọn ará Adó ní kì í gbẹ, bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó. Ara gbogbo wa ti gbóná. Ọmọ àbúrò mi kan tó ti Èkó wá ti ń bọ́ bàtà. Ó ní, "Dádì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n kàn fò wọlé, kí wọ́n yà mí ní fídíò, kí n jáde." Ọmọ Adó yẹn ní kò sí ẹni tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi bi í pé kí nìdí. Ó ní bí àwọn bàbá àwọn ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn. Mo rí i lójú ọmọ náà pé ìdáhùn yẹn ò tó fún un.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, adágún kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake, òun ni àwọn èèyàn sábà máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ Ìyàkẹ́. Níbẹ̀, òfin ìjọba ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ omi náà. Òróró ara èèyàn ń ba òkúta ẹfun tó gbé omi ọ̀hún ró jẹ́. Láti ọdún 2019, èèyàn 615 péré ni wọ́n ń gbà láàyè lójúmọ́, olúkúlùkù á sì ti sanwó gba àṣẹ kó tó gbéra nílé. Mo ní, "Tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, o ò ní fò wọlé, àbí o máa fò?" Ó ní rárá, wọ́n á mú òun. Mo ní, "Ó dáa. Ti Adó yìí, kò sí ọlọ́pàá tó máa mú ọ. Ìdí tó fi yẹ kí o bọ̀wọ̀ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn." Ó wọ bàtà rẹ̀.

A kúnlẹ̀, ìyá olórìṣà súre, a kí omi. Ẹni tó ń wá ọmọ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ. A kò mú nǹkan kan níbẹ̀, a kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀, àní ọ̀rá omi tí a mu, inú àpò la kó o padà sí. Mo rí ọ̀rá tí àwọn ẹlòmíràn fi sílẹ̀ láàrin àpáta. Àwọn ọmọ wa ṣa èyí tí ọwọ́ wọn tó.

A sọ̀ kalẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì padà sí ìhà Ìsẹ́yìn, a sì jẹun lábẹ́ igi ẹ̀mí ní oko kan: ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ká tètè máa lọ sódò nítorí oòrùn mú. Ìyá olórìṣà ní rárá, a kì í wọ odò lọ́sàn-án gangan. Ẹnìkan kùn pé oòrùn ọ̀sán gan-an ló yẹ kí èèyàn fi wẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ síbí. Àìsàn kan wà tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá. Ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Aràn kan ló ń fà á. Ẹni tó ní in tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn pa, ọmọ aràn wọ inú ìṣáwùrú kéékèèké tó ń gbé etí omi, ó pọ̀ sí i níbẹ̀, ó tún jáde, ó sì gba awọ ara wọ inú ẹlòmíràn tó ń wẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti wádìí rẹ̀: láàrin aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló máa ń jáde lára ìṣáwùrú jù lọ. Ọ̀sán gangan yẹn náà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ní a kì í wọ odò lọ́sàn-án gangan kò mọ aràn, kò ní ẹ̀rọ tó fi ń wo ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó ní ojú. Ẹ tún wo ìkejì: ìyá olórìṣà ní a kì í tọ̀ sínú omi Yemọja. Tí gbogbo ọmọ bá pa èèwọ̀ yẹn mọ́, ibo ni aràn yóò gbà? Nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀yán, tó ń ṣàn pàdé Ògùn, tí wọ́n ṣí dáàmù rẹ̀ lọ́dún 1983, àtọ̀sí ajá di ìṣòro ńlá ní àwọn abúlé tó yí i ká, nítorí omi tó dúró lójú kan ni ìṣáwùrú fẹ́ràn. Oògùn wà fún un, praziquantel lorúkọ rẹ̀. Ẹ má tijú láti gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Omi tó ń sáré náà ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò dúdú kékeré kan ń yé sí, èyí tó ń jẹni láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, tó ti fọ́ ojú ọ̀pọ̀ àgbà nílẹ̀ ọ̀dàn wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín oògùn Mectizan káàkiri abúlé. Ẹ máa lò ó tí wọ́n bá gbé e dé. Kí àwọn ọmọ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti jáde nínú omi.

Aago méjì kọjá dáadáa ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀nà oko la gbà, bíi wákàtí kan, láàrin ẹ̀gẹ́, àgbàdo tí wọ́n ti ká, àti igi káṣù. A kò lọ sí ìsàlẹ̀ dáàmù tí wọ́n ń pè ní Ikere Gorge, nítorí omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lè bá èèyàn láìsí òjò kankan lójú ọ̀run. A kò sì wọ inú igbó ọba tí ìjọba sọ di Old Oyo National Park lọ́dún 1991. Ibẹ̀ ní àṣẹ tirẹ̀, ó sì ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ìhà òkè odò la lọ, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sọdá.

Ibi àkọ́kọ́ tí a dúró sí, omi ò kọjá ìdí. Ó mọ́, ó ń ṣàn lórí òkúta. Ìyá olórìṣà ló kọ́kọ́ wọlé, ó bu omi sórí, ó kí Yèyé ọmọ ẹja, a jẹ́ àṣẹ. Àwọn ọdẹ fi ọ̀pá wọn jíjìn omi láti etí dé etí, wọ́n sì wo abẹ́ àpáta nítorí ọ̀nì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ní kí àwọn ọmọ wọlé ní mẹ́rin mẹ́rin.

Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà ló kọ́ wọn. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apá jíjù. Ó ní kí wọ́n sùn sórí omi. Ó fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀yìn ọmọ, ó ní, "Gbé àyà sókè. Má bá a jà. Tí o bá bá omi jà, á bá ọ jà. Fún un lórí rẹ." Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún yẹn le bí igi. Ìgbà kẹta, mo rí ejìká rẹ̀ tó rọ̀. Ọdẹ yọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà ò sì mọ̀ pé kò sí ọwọ́ lẹ́yìn òun mọ́. Nígbà tó mọ̀, ó kígbe, ó mu omi díẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ibi kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Omi fẹ̀ níbẹ̀, iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì dákẹ́. A fi ọ̀pá wọn ibi tí a fẹ́ lò, a na okùn láti igi dé igi, a ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọjá okùn. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì wà létí omi, okùn gígùn wà lọ́rùn wọn. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ilé Ṣàngó, tó ga, tó sì lágbára, bọ́ sílípáàsì rẹ̀ sórí òkúta. Omi gbé ọ̀kan lọ. Ó tẹ̀ lé e. Ó gba abẹ́ okùn kọjá, omi ò kọjá itan rẹ̀, ó na ọwọ́ sí sílípáàsì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó sì wọlẹ̀. Kò kígbe. Ẹ fi sọ́kàn, ẹni tó ń mumi kì í kígbe. Orí rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọlé.

Ọmọkùnrin méjì fẹ́ bẹ́ sínú omi. Mo fi ọ̀pá mi dí wọn. Ọdẹ ti ju kẹ́ẹ̀gì, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ó rọ̀ mọ́ ọn, a fà á. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní eléyìí kí ẹ tó kọ́ wọn ní odò wíwẹ̀ pàápàá: nǹkan tó ń léfòó là ń jù sí ẹni tó ń mumi, a kì í fi ara wa bẹ́ sí i, nítorí á dì mọ́ ẹni tó wá gbà á là, àwọn méjèèjì á sì lọ. Ó ń wúkọ́, ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ a gbé e dé ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, torí omi tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè da èèyàn láàmú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan.

Kí a tó dé ilé ni ìròyìn ti ṣáájú wa. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àgbà kan tó ju mí lọ ní Yemọja bínú. Ó ní òun ti sọ ọ́. Ó ní kí n gbé ọpọ́n kalẹ̀, kí n bi Ifá léèrè ohun tí a ó fi bẹ̀ ẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ohun tí ojú ti rí, èmi ò ní dá Ifá sí i. Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àwọn ọdẹ. Ihò ló wà níbẹ̀. Ọ̀pá ọdẹ tó ga ju èmi lọ ò kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ipa táyà ọkọ̀ típà wà létí odò. Àwọn tó ń wa iyanrìn ló gbẹ́ ihò yẹn." Ilé ìpàdé dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ ilé wa wà nínú àwọn tó ń wa típà ní agbègbè yẹn. Mo ní, "Tí Yemọja bá ń bínú, kì í ṣe sí ọmọ tó lọ mú sílípáàsì."

Àwọn kan ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ rò ó. A ń pe odò ní ìyá wa lọ́jọ́ ọdún, a ń gbé ẹ̀gbo àti oyin lọ fún un, ọjọ́ kejì a gbé ṣọ́bìrì lọ wa ìdí rẹ̀ tà. Iyanrìn tí a fi kọ́lé, ibì kan la ti wà á, ti èmi náà wà nínú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọdá, tí ọmọ ti ń wẹ̀, kò yẹ kí a gbẹ́ ihò síbẹ̀ ká sì fi í sílẹ̀ láìsí àmì. Èèwọ̀ tí à ń kà fún àwọn ọmọdé pọ̀. Kí a ka ọ̀kan fún àgbà náà.

A gbé ẹ̀gbo lọ fún Yemọja o, kí ẹ má rò pé a ò ṣe nǹkan. Ọpẹ́ la dá, ìtanràn kọ́. Baálẹ̀ ti pe àwọn onítípà, wọ́n ti ri ọ̀pá aláṣọ pupa síbi ihò náà, wọ́n sì ní àwọn á máa wa iyanrìn ní ìsàlẹ̀ ibi ìsọdá láti ìsinsìnyí lọ. A ó máa lọ wò ó.

Ìrìn tó ń bọ̀, oṣù Èrèlé ni, ṣáájú kí òjò tó dé. Ìhà Ṣakí la ó lọ, ìyá olórìṣà ló máa yan ibi tí a ó dúró sí. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú àgbà kan wá tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ilé tí kò bá ní, kó wí, a ó wá ẹni. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ti di mẹ́rin, okùn ló kù. Àgbà tó bá mi jiyàn yẹn ti forúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀. Ó ní tí omi bá ju orúnkún lọ, kí a jẹ́ kí wọ́n jókòó sétí odò. Mo ti gbà. Ọmọ ilé wa tó ń wa típà náà ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun ń bọ̀, òun á sì fi ọkọ̀ òun gbé wa dé ibi tí ọ̀nà dáa dé. Mo ní kó fọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kó tó wá, kó sì mú ẹní dání.